Ìbẹ́pẹ Tó Jábọ́

Òórùn ìbẹ́pẹ tó pọ́n ló máa ń jí mi nílé wa ní Igbó-Elérin. Yàrá kan péré la ní, àwọn agbọ̀n èso tí Màámi ń tà ní Okokomaiko sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí èmi àti Kúnlé, àbúrò mi, ń sùn lé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Màámi á ti máa yí ìbẹ́pẹ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Èyí tó bá ti jábọ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán, wọn kì í tà á lọ́jọ́ náà. Wọ́n á gbé e sọ́tọ̀ di ọjọ́ kejì. Wọ́n á ní, "Kò tíì sọ ohun tó ṣe é."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àwa náà nìyẹn. Bí a bá ṣubú, wọn kì í kọ́kọ́ sọ pé pẹ̀lẹ́. Wọ́n á béèrè ibi tí a ti já, ohun tí a já lé, àti ibi tó kọ́kọ́ kanlẹ̀ lára wa. Lẹ́yìn náà, a ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo kórìíra àpótí yẹn. Màámi máa ń sọ pé bí dírẹ́bà bá tẹ búréèkì lójijì, mọ́tò á dúró, ṣùgbọ́n ìbẹ́pẹ inú agbọ̀n á ṣì máa lọ títí á fi gbá ohun tó wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí tíṣà físíìsì wa wá kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀rín ni mo ń rín.

Ní Sátidé kan, Kúnlé háyà kẹ̀kẹ́ ológeere, ó ń sáré bọ̀ láti òkè àdúgbò wa. Mo wà níbẹ̀. Táyà iwájú kó sí gọ́tà, kẹ̀kẹ́ dúró, Kúnlé ò dúró. Orí irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí rọ́bà ti bọ́ lára rẹ̀, gún un níkùn kó tó ṣubú. Kí Màámi tó dé, àwọn èèyàn ti fà á dìde, wọ́n ti da omi sí i lórí, òun náà sì ti ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ibi tó bó. Àmì pupa róbótó kan ló wà lábẹ́ ìhà òsì rẹ̀, kò ju ọmọrí ìgò lọ.

Màámi ní kó wá jókòó sórí àpótí, ṣùgbọ́n Kúnlé ní òun fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ìyàwó lándílọ́ọ̀dù wa bá a bẹ̀bẹ̀. "Ìyá Bùsọ́lá, ọmọ tó ń fò kiri lo fẹ́ gbé sídìí àtẹ. Ṣé o fẹ́ tà á ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Màámi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní, "Ẹ jẹ́ kó jókòó, Mọ́mì. Irin yẹn kéré, gbogbo eré tó ń sá ló sì kó sójú kan."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Kúnlé ò jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó tí wọ́n gé fún un. Ó ń làágùn, ara rẹ̀ sì tutù. Ó ní èjìká òsì ń dun òun.

Màámi wò mí. "Bùsọ́lá, ṣé èjìká yẹn kanlẹ̀?"

Mo ní rárá, ọ̀tún ló fi balẹ̀. Wọn ò béèrè nǹkan mìíràn. Wọ́n fi àtẹ sílẹ̀ fún mi, wọ́n sì gbé e lọ sọ́síbítù.

Dókítà ní ohun kan ti ya lábẹ́ ìhà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn, ìrora rẹ̀ ló sì ń yọ sí èjìká. Ó ní bó bá sùn sílé mọ́jú, ó lè má jí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì yè. Kúnlé ti ní ọmọ mẹ́ta báyìí. Síbẹ̀, tó bá ní inú ń run òun, Màámi á ní kó wá jókòó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nílé mi ní Ajangbadi, Tèmi, ọmọ mi obìnrin, já lórí àtẹ̀gùn. Mo béèrè gbogbo ìbéèrè yẹn, mo sì mú un jókòó tì mí. Ó wò mí títí.

"Mọ́mì, èmi kì í ṣe ìbẹ́pẹ o."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó dìde títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà èwe mi, ara mi kì í balẹ̀ lórí àpótí Màámi. Mo ń fẹ́ dìde ni. Tèmi ti dìde báyìí, ó ti lọ ṣeré. Èmi ni mo ṣì jókòó, tí mò ń fetí sí ohùn rẹ̀ níta.