Bí Màmá Àgbà Ṣe Ń Gbóòórùn Egbò

Màmá àgbà tú báńdéèjì ọwọ́ apẹja kan tán, wọn ò wo egbò. Báńdéèjì ni wọ́n gbé sí imú. Wọ́n dijú, wọ́n fà á símú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ àná ti kan. Apẹja náà jókòó sórí àpótí níwájú wọn, ó ń wojú wọn. Omi ń hó lórí sítóòfù, àlùmọ́gàjí tí wọ́n ń sè nínú rẹ̀ ń lu ara ìkòkò.

"Ọjọ́ mélòó rèé tí ẹja ti gún ẹ?"

"Ọjọ́ mẹ́fà lòní, Mà."

"Ọsibítù ni kó o gbà lọ báyìí. Má dúró dọ̀la."

"Mà, wọ́n á gé e níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kúkú bá mi fi oògùn sí i."

"Ìka kan ni wọ́n máa gé lónìí. Tó o bá dúró di Sátidé, ọwọ́ lódindi ni. Èwo lo fẹ́ fi tukọ̀?"

Apẹja náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dìde, ó lọ.

Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Àdúgbò Ladi-Lak nítòsí ọ̀sà là ń gbé, yàrá tó kọjú síta ni tiwọn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi tọ́ ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni. Síbẹ̀, láràárọ̀, àwọn èèyàn ń ti àdúgbò Pedro àti etí ọ̀sà wá bá wọn. Yàrá náà ń rùn bíi sípíríìtì àti aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, torí ìró àlòkù ni wọ́n máa ń ya tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sè é, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á ká a fún egbò. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi á ti ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú dé pẹ̀lú òórùn tàdáwà lára aṣọ. Mo rò pé gbogbo àgbàlagbà ló ní òórùn iṣẹ́ tirẹ̀.

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni. Rédíò ń pariwo nílé gbogbo. Bí apẹja náà ṣe ń jáde, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé wa yọ orí sójú fèrèsé Màmá àgbà.

"Màmá Sójà, àwọn èèyàn yín ti kó ẹrù wọn o."

"Jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Mo ti di egbò fún wọn tó."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ mọ ìdí orúkọ yẹn. Mo wọlé.

"Màmá, kí ló dé tí wọ́n ń pè yín ní Sójà? Kí ló sì dé tí ẹ máa ń kọ́kọ́ gbóòórùn báńdéèjì?"

"Ìbéèrè ẹ ti pọ̀ jù." Ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn. "Bàbá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà ogun abẹ́lé. Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́, wọ́n bá kó wa lọ sí ọsibítù àwọn sójà. Fìtílà kan ni gbogbo wọ́ọ̀dù ní. Ẹni tí egbò ẹ̀ ti bàjẹ́, imú la fi ń wá a."

Wọ́n na báńdéèjì apẹja sí mi. Mo ti múra àtibì, ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òórùn náà ní adùn.

"Ó dà bí ọ̀pẹ òyìnbó tó ti rà."

"Òun nìyẹn. Má gbàgbé ẹ." Wọ́n jù ú síná.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí ohun tí n kò gbé sí imú: ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ọrùn àbúrò mi, bàtà olùkọ́ wa.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àbúrò bàbá mi obìnrin fẹ́ bímọ, ọmọ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún nílé ọkọ. Màmá àgbà ti kó ohun tí wọ́n máa fi wẹ ọmọ jọ: ọṣẹ dúdú, kànhìnkànhìn, òróró, aṣọ funfun tí wọ́n sè tán. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ tọ̀sán-tòru. Màmá mi ní òtútù ló fà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a kúnlẹ̀ fún àdúrà ìdílé. Màmá àgbà gbé ìgúnpá lé àga, èmi sì wà lẹ́yìn wọn gan-an, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ń gbàdúrà fún aboyún, fún ìjọba tuntun, fún apẹja tó ti padà sí ọ̀sà pẹ̀lú ìka mẹ́sàn-án. Mo bá gbóòórùn ọ̀pẹ òyìnbó.

Mo lajú. Kò sí ọ̀pẹ òyìnbó nínú ilé wa. Ìbọ̀sẹ̀ náà ni.

Nílé wa, ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé ara rẹ̀ ń rùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti jẹgba nítorí ó ní ẹnu àlejò kan ń rùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, wọ́n lè gé ẹsẹ̀ Màmá àgbà. A ṣe àmín.

"Màmá, ẹsẹ̀ yín ń rùn."

Ìgbátí màmá mi dé kí n tó pa ẹnu dé. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ó ń rùn bíi báńdéèjì apẹja yẹn ni."

Màmá àgbà jókòó, wọn ò bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti mọ̀."

Ìtọ̀ ṣúgà wà lára wọn. Bàtà ti bó ìka ẹsẹ̀ wọn, àìsàn náà kò sì jẹ́ kó dùn wọ́n rárá.

"Ẹ mọ̀, Màmá?" Bàbá mi ò gbà á gbọ́. "Ẹ̀yin?"

"Tí mo bá lọ, wọ́n á dá mi dúró. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ọmọ mi máa bí. Ta ló máa wẹ ọmọ?"

"Ẹ ní kí apẹja má dúró dọ̀la," ni mo wí láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Wọ́n yíjú sí mi. Mo ń retí ìgbátí kejì.

"Gbé àpò mi wá," ni wọ́n wí.

Ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé. Ọmọ náà dé nígbà tí Màmá àgbà ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, màmá mi ló wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá àgbà fi ọ̀pá tilẹ̀ dé iwájú pẹpẹ, wọ́n sì fà mí lọ́wọ́ dání.

"Ọmọ yìí ló sọ fún mi pé ẹsẹ̀ mi ń rùn. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, àfi màmá mi tó ń sunkún.

Màmá àgbà tún wẹ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀yìn wọn ni Ọlọ́run fi mí sí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi ò di nọ́ọ̀sì, olùkọ́ ni mí. Màmá mi ló ti dàgbà báyìí, àwọn ló sì ń bẹ àwọn aláìsàn ìjọ wò láti ilé dé ilé. Tí mo bá béèrè àlàáfíà wọn, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Mo máa ń kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo máa ń ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bọ́ bàtà yín." Wọ́n á ní aláyọjúràn ni mí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á na ẹsẹ̀ sí mi.