Omidan Inú Fọ́ọ̀mù

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé irọ́ pípa kò dára. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo buwọ́ lùwé pé omidan ni Motọ́lání, èmi tí mo jókòó ní ìlà kejì lọ́jọ́ tí àlùfáà so òun àti Gbádé pọ̀. Ẹ má tíì dá mi lẹ́bi.

Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Àgùdà, èmi lókè, àwọn nísàlẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, àmọ́ Èkó ni wọ́n bí òun sí. Àfi tí wọ́n bá ń sìnkú ló ń dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kàwé, ó sì yege. Ìgbà tó wá ń wáṣẹ́ ni ojú rẹ̀ rí màbo.

Ibi mẹ́rin ló lọ tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Kò síbi tí wọ́n ti bi í bóyá ó mọ ìṣirò. Ṣé o ti lọ́kọ? Ọmọ mélòó? Ṣé o ṣì máa bí sí i? Ọkùnrin kan ní Yaba tiẹ̀ béèrè ẹni tí yóò gbé ọmọ kan ṣoṣo tó bí lọ sọ́sípítù tí ara rẹ̀ bá gbóná. Motọ́lání sọ òótọ́ níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn sì ní àwọn máa pè é. Wọn ò tíì pè é dòní.

Ibi karùn-ún ni ilé iṣẹ́ kan tó ń ta táìlì, nítòsí ilé wa. Ojú ewé mẹ́fà ni fọ́ọ̀mù wọn. Wọ́n béèrè ẹ̀sìn, ìlú bàbá, irú ẹ̀jẹ̀, orúkọ pásítọ̀. Ó ku kí wọ́n béèrè ohun tó jẹ lálẹ́ àná. Motọ́lání bọ́ òrùka rẹ̀, ó kọ "omidan" síbẹ̀, ó wá gbé e wá bá mi kí n ṣe onídùúró òun.

"Màmá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sáìn ẹ̀," ló wí. "Tí wọ́n bá tún kọ̀ mí níbí, mi ò mọ bá a ṣe fẹ́ ṣe é mọ́. Owó Gbádé nìkan ò lè gbé wa."

Inú ló bí mi tí mo fi sáìn. Kí ló kan ẹni tó ń ta táìlì nínú ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni?

Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ní kó ya àwòrán ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹni tó ti parọ́ ọkọ, ó yẹ kó lè parọ́ ilé. Rárá o. Motọ́lání mú rúlà, ó ya mọ́ṣáláṣí, ó ya ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, ó ya géètì wa pẹ̀lú àwọ̀ ewé rẹ̀. Ó ní òun ò lè ṣe iṣẹ́ jákujàku.

Wọ́n gbà á. Nítorí pé ibi iṣẹ́ ò jìnnà, ó kọ́ Àánúolúwapọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, pé níta àti níwájú àlejò, "Àǹtí" ni kó máa pe òun. Tó bá pè é bẹ́ẹ̀, bisikíìtì ń bọ̀ nìyẹn. Tíṣà ni mí, n kò lè wò ó níran. Màá nawọ́ sí ìyá rẹ̀, màá ní, "Mọ́mì ẹ nìyí, àbí?" Ọmọ á ní, "Rárá o, Àǹtí ni." Màá sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Níbi iṣẹ́, Madam Ethel tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn Motọ́lání bí ojú. Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, bí wọ́n bá ń gbàdúrà kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á gbọ́wọ́ lé e lórí pé kí Ọlọ́run fún un lọ́kọ. Motọ́lání á ṣe àmín kíkankíkan. Gbádé ní àdúrà náà ti gbà kí Madam tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ náà di tirẹ̀ pátápátá. Ìlànà wọn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá fojú rí ilé òṣìṣẹ́, wọn kì í sì í sọ ọjọ́. Sátidé kan tí Gbádé ti lọ síbi iṣẹ́ ní Ìjọrà, mo yọjú lókè, mo rí obìnrin kan tó mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, tó ń wo mọ́ṣáláṣí, tó ń wo ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Àwòrán Motọ́lání ò jẹ́ kó ṣìnà rárá. Kí n tó dé àtẹ̀gùn, ó ti kanlẹ̀kùn, Àánúolúwapọ̀ sì ti ṣí i.

Mo dúró sórí àtẹ̀gùn, mo ń yọjú wò wọ́n. Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ bọ́, orúkọ mi sì wà nísàlẹ̀ irọ́ náà.

Ọmọ náà wo àlejò láti òkè délẹ̀. Ó yíjú sínú ilé, ó pariwo: "Àǹtí! Àǹtí! Ẹnì kan ń pè yín o!"

Madam Ethel fúnra rẹ̀ ni àlejò náà; ó rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó mu omi, ó kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ nìyí? Wo bó ṣe mọ́ ẹ lára! Ìwọ náà á bí tìẹ láìpẹ́, lórúkọ Jésù."

"Àmín, mà," ni Motọ́lání wí.

Bó ṣe jáde ni mo wọlé, ẹ̀rín ń pa mí. Motọ́lání ti kúnlẹ̀, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "O ṣeun, ọmọ mi. Wọ́n ti lọ. Ó yá, pè mí ní Mọ́mì."

"Ẹ fún mi ní bisikíìtì, Àǹtí."

"Àwa nìkan ló kù nílé. Mọ́mì ẹ ni mí, àbí?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo mọ ìbéèrè yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìdáhùn rẹ̀.

"Rárá o," ni Àánúolúwapọ̀ wí, "Àǹtí ni." Ó sì kọjú sí mi, ó ń retí kí n pàtẹ́wọ́.