Wáyà Méjì Tí Wọ́n Gbé Pààrọ̀

Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí àárọ̀ ọjọ́ yẹn ládùúgbò wa, Sharpstown, ní Amẹ́ríkà. Aago kan ọ̀sán ni ìyàwó mi fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì láàárín ìgboro Houston, píkọ́ọ̀pù wa nìkan la sì ní. Ọkọ̀ náà ti ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ti ra púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́jọ tí mo fẹ́ fi sí i lópin ọ̀sẹ̀. Àfi bí ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìlú wa, ṣe yà kí wa láago mẹ́jọ, tí wọ́n rí páálí púlọ́ọ̀gì lórí tábìlì.

"Èmi tí mo tún lọ́rì ṣe fún ọdún mẹ́wàá nílé?" ni wọ́n wí. "Kí tíì yín tó tutù, mo ti ṣe é tán."

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fa wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yọ kúrò lórí púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ìtọ́ni ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ mi. Ó wà níbẹ̀ gbàgàdà pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí á máa yọ ọ́, torí wáyà kọ̀ọ̀kan ló ní púlọ́ọ̀gì tirẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi tape sàmì sí wọn."

"Book lo fi ń tún mọ́tò ṣe?"

Mo pa ìwé náà dé. Ẹ ò rí i pé "wọ́n" náà ni mo ṣì ń pè wọ́n títí di òní, ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú.

Nígbà tí wọ́n fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i tán, tí wọ́n dá àwọn wáyà padà, tá a sítáàtì ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, ó ń yìnbọn ní sàlẹ́ńsà. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti gbé wáyà síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní fake ni plug náà. Wọ́n ní kàbúrétọ̀ ni, wọ́n tú u, wọ́n tún un dè. Wọ́n ní omi wà nínú petrol America. Ìyàwó mi ti múra tán, ó ní ká pe takisí.

"Takisí kẹ̀? Nígbà tí èmi wà níbí?"

Èmi ọkọ rẹ̀ dúró síbẹ̀, mo ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Nígbà tí aago méjìlá kọjá, ìyàwó mi fọgbọ́n pè wọ́n wọlé wá jẹ ìrẹsì. Mo sítáàtì ọkọ̀, mo ń yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dá a padà. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́, bí mo bá ti yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á túbọ̀ gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lápá ẹ̀yìn, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Mo pààrọ̀ wọn. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ̀gbọ́n jáde, wọ́n ń tayín. "Mo sọ fún ẹ, kó ṣáà gbóná ni."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo dúpẹ́!

Mo sáré lórí freeway bí ẹni ya wèrè. Wọ́n ti tilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò ká tó dé. Ó di oṣù mẹ́fà sí i kí ìyàwó mi tó lè ṣe ìdánwò náà.

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń padà sílé, ìyàwó mi bi mí léèrè ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Mo sọ fún un. Mo wá ń bú Ẹ̀gbọ́n, mo ń lu sítíárìn, gbogbo ohun tí mi ò lè sọ lójú wọn ni mo ń sọ.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé wáyà ni?"

Mo ní láti àárọ̀.

Ó yíjú sí fèrèsé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀."