Lọ́ọ̀kì Tí Kwasi Kàn Sódì

Sàwúdátù kì í ṣe ẹni tí à ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Ó tó ogún ọdún tó fi ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ ní Adum, ní ìlú Kumasi. Àwọn aránṣọ fẹ́ràn rẹ̀, torí pé bí wọ́n bá fi ègé aṣọ hàn án, á kàn na ọwọ́ sẹ́yìn ni, òwú tó bá aṣọ náà mu á sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò Aboabo tó ń gbé, kì í ṣe òwú ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Òun ni olùtọ́jú ìkòkò.

Ìkòkò mọ́kànlá ni, ìkòkò irin ńláńlá tí ọmọ ọdún márùn-ún lè jókòó sínú wọn. Lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wọn. Ta ló fẹ́ gbé ìkòkò ìnáwó sórí lọ́rí tí èèyàn ti kún dẹ́nu? Àwọn obìnrin Ìlọrin kó ìkòkò wọn wá fún ìyá Sàwúdátù, nítorí pé ìdílé tirẹ̀ ní ìwé. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fi ìṣó ha orúkọ oníkálukú sára ìkòkò tirẹ̀. Àwọn díẹ̀ padà wá, ọ̀pọ̀ kò padà. Láti ìgbà náà, bí ará Ìlọrin bá fẹ́ sọmọ lórúkọ tàbí kó so yìgì ní Kumasi, inú ìkòkò wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń se ìrẹsì rẹ̀. Ìyá náà kú, iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, kò sì sí ohun tí Sàwúdátù fi ń yangàn láyé yìí tó ju kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkòkò lọ.

Kọ́kọ́rọ́ yìí ló kán mọ́nú lọ́ọ̀kì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1993. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Àwọn èèyàn Sàláhúdéènì tó bímọ ti fọ ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n ti pa màlúù, wọ́n sì ń wo ojú ọ̀nà. Sàwúdátù wọ takisí lọ sí Adum, ó sì gbé oníkọ́kọ́rọ́ kan wá tó ń jẹ́ Kwasi. Ọmọ Asante ni, ẹni bí ọdún márùndínlógójì. Gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju tábìlì kan, agboòrùn kan, àti pátákó tí ó kọ ọ́ sí pé òun ń ṣí ilẹ̀kùn ní wàràwàrà.

Wàràwàrà náà sì ni. Kò tó ìdajì wákàtí tó fi fọ́ lọ́ọ̀kì àtijọ́, tó kan tuntun, tó sì gbé àpò rẹ̀ sáré lọ, ó ní ẹnì kan ti ti ara rẹ̀ mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó wo lọ́ọ̀kì. Ìkòkò ni gbogbo ayé ń gbé.

Ìgbà tí wọ́n fọ ìkòkò tán tí wọ́n dá wọn padà ní ìrọ̀lẹ́ ni Sàwúdátù pa ilẹ̀kùn dé, tó wá ojú kọ́kọ́rọ́ tì. Ọwọ́ tí à ń yí ló rí níbi tó yẹ kí ojú kọ́kọ́rọ́ wà. Ó yí i, ilẹ̀kùn ṣí. Ó wọlé, ó wẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni ojú kọ́kọ́rọ́ wà. Kwasi ti kan lọ́ọ̀kì náà sódì. Ẹni tó bá wà níta kò nílò kọ́kọ́rọ́ láti wọlé. Ẹni tó bá wà nínú ni kò lè jáde láìsí i. Àfi bí ẹni pé àwọn ìkòkò gan-an ni wọn ò fẹ́ kó sá lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ ti dé àdúgbò Tafo, létí Tàíbátù. Àgbà ni Tàíbátù nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ìlọrin, ìyá rẹ̀, Àyọ̀kẹ́, sì wà lára àwọn tó lọ lọ́dún 1969 tí kò padà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń sọ pé ìkòkò ìyá òun kò sí nínú yàrá náà mọ́. Bí Sàwúdátù bá ka orúkọ tó wà lára ìkòkò náà fún un, á ní, “Èmi ò mọ̀wé. Orúkọ tó bá wù ọ́ lo lè máa kà.” Bí ará Aboabo mìíràn bá kà á, á ní ọ̀rẹ́ Sàwúdátù ni.

Ó wá ránṣẹ́ wàyí. “Yàrá tí ọmọdé lè ṣí! Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a ń bọ̀ wá ka ìkòkò. Bí lọ́ọ̀kì yẹn bá wà bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìkòkò ìyá mi ò bá sí níbẹ̀, Tafo lọ́dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń bọ̀.”

Sàwúdátù tọ Kwasi lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

“Hajia,” ni Kwasi wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè, “ṣé ilẹ̀kùn yín ń pa dé?”

“Ó ń pa dé.”

“Ṣé ó ń ṣí?”

“Ó ń ṣí fún gbogbo Kumasi!”

“Ẹ dúpẹ́. Ti àwọn mìíràn kì í ṣí rárá.”

Ó padà lọ ní Ọjọ́rú. Kwasi sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń kàn án ní Jámánì nìyẹn, pé Gánà ni kò tíì lajú. Ní Ọjọ́bọ̀, Sàwúdátù dá ọgbọ́n mìíràn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Másítà, àwọn ará ilé mi fẹ́ rí iṣẹ́ Jámánì yìí. Ṣé o lè wá fi hàn wọ́n ní ọ̀la?” Kwasi tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní òun á wá.

Ó dé lóòótọ́, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán Jímọ̀. Ó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Wọlé,” ni Sàwúdátù wí, “fi hàn mí bí ẹni tó wà nínú ṣe ń lò ó.”

Kwasi wọlé. Sàwúdátù fa ilẹ̀kùn, ó ró gbà.

Kwasi mi ilẹ̀kùn láti inú. Lẹ́yìn náà, “Hajia?”

“Mò ń gbọ́.”

“Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá.”

“Kọ́kọ́rọ́ wà ní ìdí aṣọ mi. Ṣé ilẹ̀kùn ń pa dé?”

“Ó ń pa dé.”

“Dúpẹ́.”

“Hajia, *mepa mo kyɛw*!” Ó wá sójú fèrèsé, ó di irin rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n. “Mo bẹ̀ yín! Ẹ yí i láti ìta, kò le!”

“Mo mọ̀ pé kò le. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Sọ pé o kàn án sódì.”

“Ilẹ̀kùn yín ló—”

“Ó dáa, jẹ́ kí n lọ gbé ògì mi kaná ná.”

Bó ṣe ń yí padà ló rí Tàíbátù pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́fà tí wọ́n ń wọ àgbàlá bọ̀.

“*Subhanallah!*” ni Tàíbátù wí. “Ọkùnrin nínú yàrá ìkòkò! Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń wí?”

“Ẹni tó kan lọ́ọ̀kì ni,” ni Sàwúdátù wí. “Mo tì í mọ́bẹ̀ kó lè mọ ohun tó ṣe.” Ó sì na ọwọ́ láti ṣílẹ̀kùn.

Tàíbátù dá a dúró. “Má tíì ṣí i. Ṣé ọkùnrin yìí mọ̀ wá rí?”

“Láti ibo?”

“Ṣé ó mọ orúkọ àwọn ìyá wa?”

“Kò mọ ẹnì kankan.”

Tàíbátù yíjú sí fèrèsé, ó bọ́ sínú Twi, èdè àwọn Asante. “Másítà, ṣé o mọ̀wé?”

“Mo ka ìwé dé *Form Four*,” ni Kwasi wí, ó sì na ara rẹ̀ díẹ̀.

“Ó dáa. Ka ohun tó wà lára àwọn ìkòkò yẹn fún wa. Ìwọ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni níbí.”

Sàwúdátù gbé ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé ìkòkò náà wà níbẹ̀; ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fi ìṣó ha láti bí ọdún mẹ́rìnlélógún, ta ló mọ̀ bóyá àlejò á lè kà á?

Kwasi bẹ̀rẹ̀. “Salamatu.”

“Ọlọ́run dárí jì í,” ni àwọn obìnrin náà wí.

“Asiata.”

“Ọlọ́run dárí jì í.”

“Ìyẹn ṣì wà láàyè!” ni ẹnì kan wí. “Ó wà ní Òkè-Ìmàlè, ní Ìlọrin!”

“Kí Ọlọ́run dárí jì í náà, ó máa ń ṣàríyànjiyàn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kwasi ń ka orúkọ lọ ní ohùn Asante rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń ṣàdúà sí i, títí wọ́n fi dé orí ìkẹwàá. Kò tíì sí Àyọ̀kẹ́. Tàíbátù wo Sàwúdátù. Sàwúdátù wo ilẹ̀.

“Ó ku ọ̀kan,” ni Kwasi wí. “Ó wà lábẹ́ gbogbo wọn. Hajia, lọ́ọ̀kì ni mo wá ṣe, ẹ ti wá sọ mí di aláàárù.” Ìró irin kún yàrá. Ó fi etí ẹ̀wù nu nǹkan. “A... yo... ke. Ayoke. Ó tún kọ nǹkan mìíràn sí abẹ́ rẹ̀. Mo... n... pa... da... bo.” Ó gbé ojú sókè. “Kí ni ìyẹn?”

Tàíbátù jókòó sórí àpò irinṣẹ́ Kwasi.

Sàwúdátù ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, lábẹ́ èédú tí àwọn yòókù kò nù. Kò fẹnu kàn án rí, torí pé Ìlọrin ni wọ́n sin Àyọ̀kẹ́ sí, ó sì rò pé ó sàn kí Tàíbátù máa pe òun lólè ju kó gbọ́ ọ lọ.

Nígbà tó yá, Tàíbátù fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. “Ẹ ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin náà.”

Kwasi jáde pẹ̀lú èédú ní imú. “Hajia,” ni ó sọ fún Sàwúdátù, “mo kàn án sódì.” Kò dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ó rọra bẹ Tàíbátù pé kó dìde lórí àpò òun, ó mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì tú lọ́ọ̀kì náà. Lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ náà gbà á ju wákàtí kan lọ, àwọn obìnrin sì jókòó tì í, wọ́n ń wo ìṣó kọ̀ọ̀kan.

“Kí ìkòkò wà níbi tó wà,” ni Tàíbátù wí níkẹyìn. “Sàwúdátù, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ti ìyá mi, mi ò fẹ́ kó wà nísàlẹ̀ mọ́. Gbé e sẹ́bàá fèrèsé, kí n lè máa rí i tí mo bá ń kọjá.”

“Ó wúwo, ẹ̀gbọ́n.”

Àwọn méjèèjì wo Kwasi. Kwasi mí kanlẹ̀, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì tún wọlé.