Òkun Tó Kọ̀ Tí Kò Fẹ̀ ní Ajangbadi

Sùúrù mi kò pọ̀, àwọn tí mò ń kọ́ sì mọ̀. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n máa ń wá sí kíláàsì mi ní Ajangbadi lọ́sàn-án Sátidé, kí wọ́n lè ṣe ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọn ò rí ṣe nígbà èwe. Ìyá onílé kan láti Ìbà ló dàgbà jù. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú jọ́gíráfì, ó sì ti sọ fún mi pé bí ọ̀rọ̀ òkun yìí kò bá yé òun lọ́jọ́ náà, òun ò ní padà wá mọ́. Mi ò fẹ́ kó lọ, torí mo fẹ́ràn ìyá náà.

Òkun oníyìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun àríwá ayé là ń kọ́. Mo ṣàlàyé pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ là ní àárín, apá méjèèjì ń sún kúrò lára ara wọn, àpáta yíyọ́ sì ń gòkè wá dí àlàfo náà, ó ń tutù, ó ń le. Kò yé ẹnì kankan nínú wọn.

Ni mo bá ní kí a fi ara wa ṣe é. Mo mú ìyá náà àti bàbá télọ̀ kan dúró sáàárín, mo ní kí wọ́n sún sọ́tùn-ún sósì, kí àwọn tó kéré sí wọn bọ́ sáàárín. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Okokomaiko tẹrí ba.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò lè gba àárín àwọn àgbà.”

Ó lọ dúró létí ògiri, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Òkun mi dojú rú: àpáta ọmọdé wà létíkun, àpáta àgbà wà láàárín. Mo jágbe mọ́ wọn, kò sẹ́ni tó mira.

Ìyá náà bi mí bóyá àwọn tó kọ́kọ́ jáde ló máa ń jìnnà sí àárín jù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó fa ọ̀dọ́kùnrin náà lọ́wọ́.

“Bọ́ síbí, ọmọ mi. Àwa la ṣáájú, àwa la máa sún.”

Wọ́n ń bọ́ sáàárín ní méjìméjì, ìyá náà ń sún, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

Ní Sátidé kejì, mo wo bẹ́ǹṣì iwájú tí ìyá náà máa ń jókòó sí, kò sí níbẹ̀. Mo rò pé ó ti lọ nìyẹn. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí fèrèsé, ní ìpẹ̀kun kíláàsì.

“Tíṣà, ibí ni àpáta àgbà ń gbé.”

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bínú sí àwọn tó pẹ́ dé.