Olówòkéré, Máníjà Tó Ń Fi Oúnjẹ Ra Ìbáwí

Ẹja náà tóbi tó ìtan àgbàlagbà, ó ṣì ń mí, Ọ̀gbẹ́ni Olówòkéré sì gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Kóòtù wà lọ́rùn ọ̀gá, táì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì dúró gbọnrangandan nínú ọkọ̀ kékeré kan lójú omi, níwájú èbúté Igbókòdá, lọ́sàn-án gangan.

Jọọlá apẹja ló kó o sínú wàhálà. Jọọlá fẹ́ yáwó ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní Báńkì Alájẹṣẹ́kù Ìgbì-Rere, níbi tí Olówòkéré ti jẹ́ máníjà. Ó yọ́ gbé àrọ̀ kan wọ ilé ọ̀gá láàárọ̀, ó fi í sílẹ̀ fún ìyàwó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá kò jẹun, kò mumi. Ó gbé ẹja, ó wọ ọkọ̀, ó lé e bá.

“Jọọlá, gba ẹja rẹ!”

“N ò gbà, ọ̀gá. Ẹ̀bùn ni!”

“Ẹ̀bùn tó ń wá ẹ́ńjìnnì kiri kì í ṣe ẹ̀bùn. Mo ní kí o gbà á!”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, gbogbo èèyàn ló ń wò wá!”

“Ìdí tí mo fi wọ táì nìyẹn.”

Ọ̀gá ti ẹja sí i, Jọọlá tì í padà. Ẹja fúnra rẹ̀ ló parí ìjà: ó fi ìrù gbá Jọọlá létí, ó fò wọnú omi, máníjà sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọ̀gá yọrí, ó tu omi jáde lẹ́nu, ó gbé ohùn sókè: “Gbogbo èbúté, ẹ jẹ́rìí o! Ẹ̀bùn ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.”

“Ọ̀gá,” ni Jọọlá wí, “ṣé ẹ́ńjìnnì náà ti bọ́ nìyẹn?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìgbìmọ̀ báńkì ti fọwọ́ sí i láti àná!”

Jọọlá wo ojú omi títí. Lẹ́yìn náà ló fi igbe ta: “Yéè! Ẹja mi!”

Bàdírátù, tí gbogbo báńkì ń pè ní Ìyá Ṣàkírà, wà létí omi lọ́jọ́ náà. Òun ni igbákejì máníjà, ó sì fi etí ìborùn dí ẹnu kí ẹ̀rín má baà tú u láṣìírí. Ó ti bá ọkùnrin yìí ṣiṣẹ́ pẹ́ débi pé ó lè fi ìró bàtà rẹ̀ mọ̀ bóyá ó ti jẹun. Síbẹ̀, kò tíì mọ̀ nígbà náà bóyá òdodo ọ̀gá náà lè dé inú ilé ara rẹ̀.

Ní etíkun Ìlàjẹ, ẹni tó ti òkun dé kì í ṣàdéédéé kọjá lẹ́nu ọ̀nà ojúlùmọ̀ láìfún un lẹ́ja. Olówòkéré kò pe ìyẹn ní rìbá. Ọmọ omi ni òun náà. Òfin rẹ̀ ni pé ẹja tí kò bá ti ṣeé dá padà, inú ìkòkò ńlá tó wà ní àgbàlá báńkì ló ń lọ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á rokà púpurú sí i, òṣìṣẹ́ àti oníbàárà á jọ jẹ ẹ́, wọ́n á sì dárúkọ ẹni tó mú ẹja wá. Ó máa ń wí pé, “Ẹja tí gbogbo ilé jẹ kì í dí ẹnu ẹnì kan.”

Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní báńkì ńlá kan lókè odò, báńkì náà sì ti wó. Bí ó bá ń ròyìn rẹ̀, a máa nàró bí ọba. “Àwọn olè ibẹ̀ kò pọ̀,” ni yóò wí. “Àwa yòókù ni a pọ̀. À ń rí wọn, a sì ń sọ fún wọn pé, ‘Ẹ káàárọ̀, sà.’ Ìkíni ló wó báńkì yẹn.”

Nígbà kan, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rán olùkọ́ kan wá láti Àkúrẹ́, kí ó wá fi ìwà ọmọlúàbí iṣẹ́ báńkì kọ́ wọn. Ọkùnrin náà fi àwòrán hàn lára ògiri láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń mi orí. Nígbà tó parí, Olówòkéré dìde. “Ta ni nínú yín tó lè sọ àṣìṣe mi kan lójú mi nísinsìnyí?” Kẹ́kẹ́ pa. Ó yíjú sí àlejò. “Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀kọ́ yín kò wọlé.”

Láti ọjọ́ náà ló ti dá òfin mìíràn: ní Ọjọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni tí kò bá sọ àṣìṣe ọ̀gá kan lójú rẹ̀ kò ní fọwọ́ kan púpurú.

Akọ̀wé owó kan ló kọ́kọ́ dìde. “Ọ̀gá, àṣìṣe yín ni pé ẹ máa ń ṣiṣẹ́ jù.”

“Oríkì nìyẹn. Jókòó, kí ebi máa pa ọ́.”

Promise tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló tẹ̀ lé e. “Ọ̀gá, bí ẹ bá ti bá ìyàwó yín jà nílé, ẹ kì í dáhùn ìkíni mi.”

Ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orí ẹja fún un. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ ti mọ ọjọ́ tí ìjà bá wà nílé máníjà.

Ìyàwó yìí gan-an ló ni Godwin. Àbúrò rẹ̀ ni, òun ló sì ń gba ìwé àwọn tó fẹ́ yáwó ra ẹ́ńjìnnì. Bàdírátù ṣàkíyèsí pé àwọn tó dé kẹ́yìn ń gba tiwọn lọ, tí àwọn opó tó ti ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò sì ń padà lọ sí Òde Ugbò lọ́wọ́ òfo. Ó dákẹ́. Òkun ti gbé ilé òun àti ọkọ rẹ̀ lọ ní Ayétòrò. Owó oṣù rẹ̀ ló ń san owó ilé tí wọ́n háyà.

“Àna ọ̀gá ni o,” ni Yàkúbù ọkọ rẹ̀ kìlọ̀. “Àwàdà ni orí ẹja. Èyí kì í ṣe àwàdà. Bí wọ́n bá lé ọ, ibo la fẹ́ wọ̀?”

Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tó kàn án, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dìde kí ọkàn rẹ̀ tó gbà.

“Ọ̀gá, àṣìṣe yín ni pé ẹ fi àna yín síbi tí ojú yín kò dé. Àwọn tó dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ gba ẹ́ńjìnnì.”

Kò sẹ́ni tó jẹun mọ́. Godwin fò dìde. “Irọ́ ni, Bùrọ̀dá! Ìlara ni! N ò gba ẹja lọ́wọ́ ju ẹni méjì lọ!”

Olówòkéré rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. “Godwin,” ó ní, “ta ló dárúkọ ẹja?”

Ọ̀gá kò dá ẹjọ́ náà, ó ní àna kì í ṣe adájọ́ àna. Ó kó o fún ìgbìmọ̀, ó yẹra kúrò nínú yàrá, ó sì ní kí wọ́n kọ ẹ̀bi tòun náà sílẹ̀, nítorí òun ló fi Godwin síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Godwin, àwọn opó sì gba ẹ́ńjìnnì wọn. Ọ̀gá wá dúró ti tábìlì Bàdírátù níṣojú gbogbo wọn. “Ẹni tó bá fọwọ́ kan Ìyá Ṣàkírà nítorí ọ̀rọ̀ yìí, èmi ló fọwọ́ kàn.”

Nílé, ìyàwó ọ̀gá ń gbé púpurú lásán síwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá ń rù, kò sì ráhùn, àfi ọjọ́ kan tó mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàdírátù: “Òdodo dára, Ìyá Ṣàkírà. Ọbẹ̀ ni kò sí nínú rẹ̀.”

Ọdún tó kọjá ni Olówòkéré dágbére fáyé, ní ojú oorun, wọ́ọ́rọ́wọ́. Godwin, tó ti di olówò epo ọkọ̀, ló gbé orí pósí. Òun ló sunkún jù, òun ló sì sọ ìtàn tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù létí sàréè.

Wọ́n fi Bàdírátù joyè máníjà. Láìpẹ́ sígbà náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti Ayétòrò wá yáwó ní báńkì pẹ̀lú ojú ẹkún, nítorí òkun tún ti mú ilé tirẹ̀ náà. Bàdírátù nawọ́ sí i pé kó fo àwọn tó tò kọjá, kó máa bọ̀ níwájú. Ìgbà náà ni Happiness, akọ̀wé tí kò tíì pẹ́ níṣẹ́, sọ ọ́ síta níṣojú gbogbo oníbàárà:

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì kàn wọ́n.”

Ojú Bàdírátù le. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi fọ́ ọmọbìnrin náà sí wẹ́wẹ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú Happiness, ó rí i pé ẹ̀rù ń bà á, ó sì rí i pé kò gbé ojú sílẹ̀.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó jókòó dúró, ó fi omi tútù lọ̀ ọ́, ó sì pe obìnrin tó kàn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ògiri, tí èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì tìtì.

Happiness sáré bá a. “Mà, ẹ má bínú. Ṣé ẹkún lẹ̀ ń sun ni?”

“Ẹ̀rín ni,” ni Bàdírátù wí, ó ń fi ìborùn nu ojú. “Ọkùnrin yẹn ni. A sin ín, a kó erùpẹ̀ lé e lórí, síbẹ̀ kò tíì jáde níṣẹ́.”