Ìdun Inú Yàrá Obì

"Má jókòó!"

Ìyá àgbà ti di apá mi mú kí ìdí mi tó kan bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sán gangan ni, ní ilé èrò kan ní Kánò. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni, ẹsẹ̀ mi ti wú, ooru ibẹ̀ sì gbẹ débi pé ètè mi ti ń bẹ́. Ìyá àgbà ò rí tèmi rò. Ó gbé fóòmù náà sókè, ó fi èékánná tú ojú rírán rẹ̀ wò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò igi bẹ́ẹ̀dì, ó wá tẹ̀ ba, ó ń gbóòórùn ibẹ̀ bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ àná.

Mo ní, "Ìyá àgbà, kí ló lè wà láàyè nínú ooru yìí?"

"Ohun tí gbogbo èrò máa ń sọ nìyẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún ara. Ìdun ò ní kú tìtorí pé ooru ń mú ìwọ. Inú igi ló máa wọ̀, á dákẹ́ síbẹ̀, á lo oṣù mélòó kan láìjẹun. Ìgbà tí o bá sùn ló máa jí."

Oníṣòwò obì ni ìyá àgbà ní Mákùn, ní Ṣàgámù wa níbẹ̀. Obì gbàǹja ló ń kó lọ sí Òkè Ọya. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tó kọ́kọ́ mú mi dání, torí pé a wà nínú ìsinmi. Kì í ṣe irú ìyá àgbà tó máa ń gbé ọmọ jókòó lé ẹsẹ̀ o. Ohùn rẹ̀ le, ó ń yára rìn, tó bá sì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í tún un sọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Nílé wa ní Mákùn, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán ni ẹ ó máa gbọ́ ariwo omi nínú agbada, níbi tí wọ́n ti ń fọ obì tí wọ́n rẹ mọ́jú, tí èèpo rẹ̀ ti rọ̀. Òórùn èèpo náà máa ń kan díẹ̀, ó máa ń dùn díẹ̀, ó máa ń mọ́ aṣọ ilé ìwé mi pàápàá lára. Yàrá obì wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó tutù, agbọ̀n tò sínú rẹ̀ lórí ara wọn, ewé tútù sì wà lójú wọn. Oòrùn ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Kẹrosíìnì ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, káńfọ̀ ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ oògùn kòkòrò òtapíápíá, torí pé obì máa ń fa òórùn, àwọn tó ń rà á lókè lọ́hùn-ún yóò sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Nítorí náà, ooru nìkan ni ìyá àgbà lè fi bá ìdun jà. Ohunkóhun tó bá ti ìrìn àjò dé kò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀rá dúdú ni yóò dì í sí, yóò gbé e sórí sìmẹ́ńtì, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni yóò fi sá oòrùn. Èyí tó bá lè gba omi gbígbóná, yóò gbà á. Bàbá àgbà pàápàá, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ẹ̀yìnkùlé ló ti máa ń bọ́ṣọ ìrìn àjò.

Èmi ni mo rú òfin yìí. Ọmọ onílé èrò ní Kánò, ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi, fún mi ní tìmùtìmù awọ kékeré kan, pupa àti dúdú, tí wọ́n ki òwú sínú rẹ̀. Mo mọ ohun tí oòrùn ọjọ́ mẹ́ta máa ń ṣe fún awọ, mo ti rí bàtà kan tó ká jọ lórí sìmẹ́ńtì náà rí. Nígbà tí a délé, tí ìyá àgbà ń dá àwọn ará àdúgbò lóhùn, mo ki tìmùtìmù mi bọ abẹ́ ìborùn, mo wọlé bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, mo sì tì í sẹ́yìn àwọn agbọ̀n nínú yàrá obì. Yàrá kan ṣoṣo tí oòrùn àti omi gbígbóná kì í dé nìyẹn. Mo rò pé mo gbọ́n.

Obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ará Ìpara ni. Òun ló ń bó obì, tó sì ń ṣà á. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti dúdú tán. Tó bá fi tẹ obì, yóò ti mọ̀ bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń lọ sílé. Tí Ọjọ́ Ajé bá dé, á bá wa mú ewùrà bọ̀, pé ká fi se ìkókorẹ́. Orí ẹní ló ń sùn, ní ẹnu ọ̀nà yàrá obì gan-an. "Ọ̀rẹ́ mi" ló máa ń pè mí. Ọdún méje ló ti wà nílé náà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó jẹ́ tíṣà ní Ìkẹ́nnẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó wá ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, igbe rẹ̀ ló kó gbogbo wa jọ.

"Màmá, ẹ wá wo apá ọmọ mi!"

Ara ọmọ jòjòló náà ti lé, mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́sẹẹsẹ. Ìyá àgbà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní kí a gbé gbogbo ohun tí a ń sùn lé jáde. Fóòmù jáde, bẹ́ẹ̀dì jáde, ìrọ̀rí jáde, ìkòkò omi ń hó lórí iná. Yàrá obì nìkan ni kò sẹ́ni tó wọ̀, torí pé láti ọjọ́ tí ilé náà ti dúró, ẹrù ìrìn àjò kankan ò wọ ibẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n tú ẹní obìnrin ará Ìpara, ìdun wà nínú ìṣẹ́po rẹ̀. Mo rí wọn. Mo rántí tìmùtìmù mi.

Àǹtí mi, ìyá ọmọ náà, pariwo pé, "Mo mọ̀! Láti Ìpara ló ti gbé e wá!"

Obìnrin náà ní, "Alájà, kò sí ìdun nílé wa. Ẹ rán ènìyàn lọ wò ó."

Ìyá àgbà yí ojú ká. "Ta ló gbé nǹkan wọlé láì sá a sóòrùn?" Ó bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò gbé nǹkan kan wọlé, mà."

Obìnrin ará Ìpara yíjú sí mi. Kò bínú. Ó kàn wò mí pẹ́.

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. "Ọdún méje la ti jọ wà, mi ò rí àléébù lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbọ́ ìdun mọ́ ilé yìí, ta ni yóò ra obì mi? Kó ẹrù rẹ, kí o máa lọ sílé."

"Alájà, tí mo bá gba báyìí jáde, ilé obì wo ní Ṣàgámù ló máa gbà mí?"

Ìyá àgbà yí padà sídìí ìkòkò omi rẹ̀. Obìnrin náà di aṣọ rẹ̀ sínú ìró kan, ó ń rọra dì í, ó ń tú u, ó ń tún un dì. Ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi ni mo dúró sí. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé e mì lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó dágbére, ó ní, "Ó dàbọ̀, ọ̀rẹ́ mi." Mo tẹjú mọ́ omi inú dúrọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló ń ṣí agbọ̀n nídìí, nígbà tí kò sí ẹni tó máa bá a ṣà á mọ́. Ó pè mí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Tìmùtìmù mi wà lórí sìmẹ́ńtì, ó ti fi ọ̀bẹ la ojú rírán rẹ̀, ìdun ń rìn jáde nínú òwú.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, mà."

Mo ń retí ìgbátí. Ó ní, "Wọ bàtà rẹ."

Nígbà tí a dé Ìpara, oòrùn mú gan-an, òórùn gaàrí gbígbóná sì gba gbogbo àdúgbò. Obìnrin náà jókòó sórí àpótí níwájú ilé, òun àti obìnrin méjì mìíràn, wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo rò pé ìdúró ni ìyá àgbà yóò ti sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, orí ẹní ìrun nìkan ni mo ti rí i tó kúnlẹ̀. Àwọn yòókù ló ń kúnlẹ̀ fún un. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́, níwájú ẹni tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ jù lọ lọ́jọ́ orí.

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Inú ẹrù ọmọ tèmi ni ìdun ti wá. Dárí jì mí."

Obìnrin náà ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Háà, Alájà! Ẹ dìde! Ẹ dákun, ẹ má ṣe báyìí fún mi!" Òun àti àwọn méjì yòókù ni wọ́n gbé e dìde. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Mo rí ọ lọ́jọ́ tí o gbé e wọlé."

Ìyá àgbà ní, "O rí i? Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ọ̀rọ̀ mi àti ọ̀rọ̀ ọmọ yín, Alájà, èwo lẹ máa gbà gbọ́?"

Ìyá àgbà ń gbọn èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò lára ìró rẹ̀. Obìnrin náà ní, "Mo fẹ́ kí ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Títí mo fi dé títì, mo rò pé yóò pè mí padà."

Kò padà sọ́dọ̀ wa mọ́. Ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ láti ilé obì kan sí èkejì, ó ń sọ fún wọn pé ilé òun ni ìdun wà, pé ọwọ́ obìnrin ará Ìpara mọ́. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé kan gbà á síṣẹ́. Àwọn oníbàárà méjì fi ìyá àgbà sílẹ̀, kò sì ráhùn sí mi létí rí.

Ìyá àgbà ti kú báyìí, èmi náà ti lé lógójì ọdún. Iṣẹ́ mi máa ń gbé mi dé Kánò, dé Sókótó. Bí mo bá ti wọ hòtẹ́ẹ̀lì, fóòmù ni mo kọ́kọ́ ń gbé sókè, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìyá àgbà mi ló kọ́ mi. Mi ò sọ èyí tó kù fún wọn rí: pé ní Ìpara lọ́jọ́ náà, àgbàlagbà kúnlẹ̀, èmi tí mo ṣẹ̀ sì wà lórí ìdúró, mo di etí ìró rẹ̀ mú. Ojú ń tì mí títí di òní. Obìnrin náà ṣì wà láàyè. Lóṣù tó kọjá, mo gba Ìpara kọjá, mo ní kí awakọ̀ dúró. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ti darúgbó, ó wò mí, kò sì mọ̀ mí mọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fa ẹsẹ̀ mi wọlé, mo ti ilẹ̀kùn padà, mo ní kí awakọ̀ máa lọ.